Ọ̀nà Etí Òkun láti Kútọnu dé Ouidah: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni tí Ń Bọ̀ láti Àjàṣẹ́ àti Kétu

Bí àkókò ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹbí mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn aládùúgbò, àti àwọn àlejò tó ti Nàìjíríà wá máa ń bi mí nípa ọ̀nà tó gba etí òkun láti Kútọnu lọ sí Ouidah. Mo gba ọ̀nà náà nígbà tó ṣì jẹ́ yanrìn lásán, mo sì ń gbà á títí di ìsinsìnyí tí wọ́n ti da ọ̀dà sí i. Mo wá kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbi kan, mo sì fèsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà wo gan-an ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Òpópónà tí gbogbo ènìyàn ní Benin mọ̀ sí Route des Pêches ni, èyí tí a lè pè ní Ọ̀nà Apẹja ní èdè wa. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Fidjrossè, àdúgbò etí òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Kútọnu, tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n fi orúkọ Cardinal Bernardin Gantin sọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń tọ etí òkun lọ, ó kọjá Togbin, Adounko, Avlékété àti agbègbè Djègbadji, títí ó fi dé Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ní etí òkun Ouidah. Gbogbo rẹ̀ kò tó 40 kìlómítà.

Ohun tó mú un yàtọ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n là á sí. Ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni: òkun wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń lọ sí Ouidah, ọ̀sà sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, ẹ óò máa gbọ́ ariwo ìgbì ní ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò máa wo ẹni tó rọra ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀ lórí omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ṣé òun náà ni ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Lomé ń gbà?

Rárá o. Ọ̀nà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wà lókè, ó gba Godomey, Cococodji àti Pahou kí ó tó dé Ouidah, ó sì jẹ́ apá kan ọ̀nà tó so Èkó pọ̀ mọ́ Abidjan. Ọ̀nà Èkó sí Abidjan yẹn, tí ẹgbẹ́ ECOWAS fẹ́ sọ di òpópónà ńlá kan ṣoṣo, jẹ́ 1,028 kìlómítà, orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó sì gbà kọjá. Ẹni tó bá ń kánjú kí ó gba òkè lọ. Ẹni tó bá ní àyè, tó fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn etí òkun ṣe ń gbé, òun ni Ọ̀nà Apẹja wà fún. Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń sáré lórí ọ̀dà tuntun náà bí ẹni pé ọ̀nà Lomé ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọdé àti ìyá arúgbó tó gbé agbọ̀n ẹja sórí ń kọjá níwájú wọn láti abúlé lọ sí etí omi.

Ta ló ṣe ọ̀nà náà, kí sì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ìjọba. Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Patrice Talon gbé ètò ìdàgbàsókè tí wọ́n pè ní Bénin Révélé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ọ̀nà náà wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kà sílẹ̀ fún ìrìn-àjò afẹ́. Apá méjì ni wọ́n pín in sí. Èkíní bẹ̀rẹ̀ láti Fidjrossè, ó parí sí Adounko. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti Adounko, ó dé Ouidah. Ohun tí wọ́n ń lépa ni kí àwọn ilé ìtura tó gbajúmọ̀ lágbàáyé wá tẹ̀dó sí etí òkun náà, pàápàá ní Avlékété, níbi tí ilé iṣẹ́ Club Med ti wà lára àwọn tí ìjọba bá ṣe àdéhùn. Ní ìhà Ouidah, wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Djègbadji fún ibùdó ìrántí òwò ẹrú, tí àwòkọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó ẹrú wà nínú ètò rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń dé ibẹ̀ láti Àjàṣẹ́?

Ẹ gba orí afárá tó wà lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ jáde, kí ẹ tọ ọ̀nà Sèmè-Podji lọ, kí ẹ san owó ọ̀nà ní Ekpè, kí ẹ sì wọ Kútọnu láti ìhà Akpakpa. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọdá omi tó la Kútọnu sí méjì, ẹ yà sí ìhà òkun, kí ẹ gba Boulevard de la Marina. Ẹ óò rí ère obìnrin jagunjagun tí wọ́n ń pè ní Amazone, èyí tó ga ní 30 mítà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje ọdún 2022. Ẹ máa lọ, ẹ óò kọjá pápákọ̀ òfurufú, Fidjrossè ló kàn.

Ohun tó ń dá àwọn ènìyàn wa dúró jù ni àkókò tí wọ́n kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé ní Àjàṣẹ́, Kútọnu ló ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló sì ń wọ ọ̀nà kan náà láàárọ̀. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí aago méje lù bá yín nílé ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ óò jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Akpakpa títí oòrùn yóò fi mú. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni èmi máa ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ lè fi wákàtí kan kún un láìsí wàhálà.

Àwa tí a ń bọ̀ láti Kétu ńkọ́?

Ọ̀nà Pobè àti Sakété ni ẹ óò gbà sọ̀ kalẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ó sì ju 100 kìlómítà lọ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sùn ní Àjàṣẹ́ mọ́jú. Ẹni tó bá ti Kétu jáde láàárọ̀, tó fẹ́ dé Ouidah, tó tún fẹ́ padà sílé lọ́jọ́ kan náà, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo ọjọ́ náà tán.

Ṣé ó pọn dandan kí a ní ọkọ̀ tiwa?

Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Takisí pọ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, zémidjan (ọ̀kadà) sì pọ̀ láti àárín Kútọnu dé Fidjrossè. Lórí Ọ̀nà Apẹja fúnra rẹ̀ ni ọkọ̀ èrò kì í ti í pọ̀ bíi ti ọ̀nà òkè, ẹ sì lè dúró pẹ́ ní Avlékété kí ẹ tó rí ẹni tí yóò gbé yín. Bí ẹ bá tó mẹ́rin, ẹ dá owó jọ, kí ẹ fi gba takisí kan fún odidi ọjọ́, kí ẹ sì bá awakọ̀ náà fẹnu kò sórí iye owó, sórí iye ibi tí ẹ óò ti dúró, àti sórí aago tí ẹ óò padà, kí ẹ tó wọlé jókòó. Bí ẹ bá gun zémidjan, ẹ béèrè àṣíborí, kí ẹ sì mú owó sẹ́fà wẹ́wẹ́ dání, nítorí ṣéńjì máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Fún ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà: ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ tó ṣì wúlò dání.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹta ni ojú ọ̀run máa ń mọ́, tí ilẹ̀ sì máa ń gbẹ. Òjò ńlá ìhà gúúsù máa ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, ìgbà náà sì ni òkun máa ń bínú jù. Ní ìtòsí ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ni àjọ̀dún àwọn ẹ̀sìn ìbílẹ̀ máa ń wáyé ní gbogbo Benin, èyí tí wọ́n ti ń pè ní Vodun Days ní Ouidah láti ọdún 2024. Bí ẹ bá fẹ́ wo àjọ̀dún náà, ẹ tètè wá ilé tí ẹ óò sùn sí ṣáájú, nítorí pé ènìyàn máa ń pọ̀ bí eéṣú lọ́jọ́ náà. Bí etí òkun tó dákẹ́ ni ẹ ń wá, ẹ yàgò fún ọ̀sẹ̀ yẹn.

Láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá, àwọn ẹja àbùùbùtán máa ń gba ojú òkun wa kọjá, ẹni tó bá sì ní sùúrù lè rí omi tí wọ́n ń tú sókè láti orí yanrìn. Alábahun òkun náà máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn lóru ní apá ìparí ọdún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Bí ẹ bá rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe wú ibẹ̀.

Kí ni a óò rí lójú ọ̀nà?

Fidjrossè ni ariwo pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni àwọn ilé oúnjẹ, ilé ọtí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn, àti àwọn ìdílé tó wá láti àárín Kútọnu wà. Bí ẹ bá ti kọjá Togbin ni ilé ń dín kù, tí igi àgbọn ń gba ipò wọn. Ẹ óò rí ọkọ̀ apẹja tí wọ́n wọ́ gòkè, tí wọ́n kun ní àwọ̀ pupa, aró àti òféèfèé, tí wọ́n sì kọ orúkọ Ọlọ́run tàbí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n sí lára. Avlékété, tó tẹ̀ lé e, gba orúkọ rẹ̀ lára vodun (òrìṣà) kan nínú ìdílé àwọn vodun òkun, àwọn ará ibẹ̀ kì í sì í fi orúkọ náà ṣeré.

Djègbadji ni mo fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kọjá rẹ̀ láìdúró. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ló wà, iyọ̀ sì ni iṣẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi ọ̀sà bá ti fà sẹ́yìn, wọ́n á ha erùpẹ̀ tí iyọ̀ ti mu, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n ńlá tí wọ́n gbé ka orí igi, wọ́n á wá máa da omi lé e lórí. Omi tó bá ń ro sílẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n náà ni wọ́n ń gbé kaná, títí omi yóò fi gbẹ tí iyọ̀ yóò sì kù sílẹ̀. Mo wọ inú ahéré ìyá kan lọ́jọ́ kan. Èéfín kún ibẹ̀ débi pé omi ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ìyá náà jókòó ti iná rẹ̀, ó ń fi igbá ha etí ìkòkò, ó sì bu iyọ̀ gbígbóná díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Funfun ni, ó rí bí gàrí tó kúnná, adùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí à ń rà nínú ọ̀rá. Mo ra ìwọ̀n méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí owó ìrìn-àjò yín dé ọwọ́ ẹni tó yẹ, irú ibẹ̀ ni kí ẹ ti ná an.

Ẹ óò tún rí igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn sínú ọ̀sà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gé e fún igi ìdáná, tí iyọ̀ ṣíṣe sì wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n abẹ́ gbòǹgbò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹja àti akàn ń sá pamọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré.

Ṣé a lè wo àwọn apẹja nígbà tí wọ́n bá ń fa àwọ̀n?

Bẹ́ẹ̀ ni, kódà ẹ lè bá wọn fà á. Ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé àwọ̀n lọ sínú òkun, yóò yí ká bí ìdajì òṣùpá, yóò sì gbé etí okùn kejì padà wá sí èbúté. Ọ̀wọ́ ènìyàn méjì ni yóò wá máa fa okùn méjèèjì láti orí yanrìn, ọkùnrin, obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á máa dá orin, wọ́n á sì máa sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ bí àwọ̀n náà ṣe ń bọ̀. Ó lè gbà tó wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni yóò di okùn mú níwájú, ẹni tó bá sì dé ẹ̀yìn pátápátá yóò tú u sílẹ̀, yóò sì padà síwájú, débi pé ìlà náà kì í dúró.

Ní ìgbà kan tí mo bá wọn fà á ní ìtòsí Adounko, nǹkan bí ogójì ènìyàn la jẹ́. Nígbà tí àpò àwọ̀n náà dé orí yanrìn, ìdọ̀tí ọ̀rá àti igi ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ẹja ṣáwá díẹ̀, kúta méjì, àti akàn. Kò tó agbọ̀n mẹ́ta. Kò sí ẹni tó pariwo. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja dìde, wọ́n ná owó rẹ̀ kíákíá, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yan án. Bàbá tó ni àwọ̀n náà sọ fún mi pé ẹja kò sún mọ́ etí mọ́ bíi ti àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí okùn tí wọ́n nà sórí yanrìn, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ gorí rẹ̀, ẹ má sì ṣe fò ó láìbéèrè. Oúnjẹ ọjọ́ náà fún ogójì ilé ló so mọ́ ọn.

Ṣé a lè wẹ̀ nínú òkun?

Bí ẹ bá bi mí, mo máa ń sọ pé kí ẹ wo òkun, kí ẹ fi omi rẹ̀ bọ ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá lọ wẹ̀ ní adágún ilé ìtura tàbí ní ibi tí olùṣọ́ wà. Òkun wa kò dà bí èyí tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ilẹ̀ rẹ̀ gẹ̀rẹ́, kì í pẹ́ jìn, ìgbì tó ti òkèèrè wá sì máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí etí yanrìn, tí yóò sì fi agbára fa omi padà.

Ọmọ àbúrò mi wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Ibi tí omi kò ju orúnkún rẹ̀ lọ ló dúró sí, ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa kí a lè ya àwòrán rẹ̀. Ìgbì kan dé, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, nígbà tí omi sì ń padà, a rí i tó ń wọ́ ọ lọ pẹ̀lú yanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí ló sáré wọ inú omi, ó sì gbá ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, yanrìn kún ẹnu àti etí rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti bá omi lọ. Apẹja náà kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ohun tó sọ kò ju pé kí ọmọ náà má ṣe kọ ẹ̀yìn sí òkun mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń di ọwọ́ gbogbo ọmọ tó bá bá mi lọ mú, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́.

Bí omi bá fa ẹnikẹ́ni lọ, kí ó má ṣe bá a jà láti wọ́ ara rẹ̀ padà tààrà sí èbúté, nítorí agbára rẹ̀ yóò tán. Kí ó léfòó, kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìbámu pẹ̀lú etí òkun títí agbára omi náà yóò fi dín kù, kí ó tó wá yà sí ilẹ̀. Ẹni tó wà lókè kí ó ju okùn tàbí kèrégbè ọlọ́rá tó ṣófo sí i, kí ó má sì ṣe bẹ́ sómi bí kò bá mọ omi.

Òkun ń jẹ ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ṣé títì tó sún mọ́ omi báyìí lè pẹ́?

Ìbéèrè yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọnu mọ ohun tí òkun ti ṣe ní ìhà ìlà-oòrùn Akpakpa, níbi tí ilé alájà àti ojú títì ti wó sínú omi. Ìgbì òkun wa máa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ó sì ń gbé yanrìn lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn láìdáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté ńlá Kútọnu ní àwọn ọdún 1960, ògiri òkúta rẹ̀ dí yanrìn náà lọ́nà. Yanrìn ń kó jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn èbúté, ìhà ìlà-oòrùn kò sì rí yanrìn gbà mọ́, ni òkun bá ń jẹ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi to òkúta ńláńlá wọ inú òkun ní ìhà ibẹ̀.

Lóòótọ́, ìwọ̀-oòrùn èbúté ni Ọ̀nà Apẹja wà, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí a fọkàn balẹ̀. Àwọn ìdídò ńlá bíi ti Nangbéto lórí odò Mono, tí wọ́n parí ní ọdún 1987, ń dá yanrìn dúró kí ó tó dé òkun, etí òkun tó ti Grand-Popo bọ̀ sì ń dín kù. Orílẹ̀-èdè Benin wà nínú ètò WACA tí Báǹkì Àgbáyé ń ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀ fún ààbò etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìjọba sì ti fòfin de wíwa yanrìn etí òkun. Òfin etí òkun kan tún jáde ní ọdún 2018. Ohun tó kù ni kí a pa òfin náà mọ́. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń kó yanrìn òkun lóru, kì í ṣe yanrìn nìkan ló ń kó. Ẹsẹ̀ títì náà ló ń gbẹ́.

Àwọn ará abúlé etí ọ̀nà ńkọ́? Ṣé ọ̀nà yìí ṣe wọ́n lóore?

Ó ṣe wọ́n lóore, ó sì pa wọ́n lára. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ yanrìn, aboyún tó bá ń rọbí lóru ní abúlé etí òkun ń jìyà kí ó tó dé ilé ìwòsàn, ẹja sì ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Èyí ti dín kù. Àmọ́ ilẹ̀ ti di wúrà. Àwọn ilé àti ahéré kan tó wà níbi tí wọ́n fẹ́ lò ni wọ́n wó, àwọn kan sì ṣí lọ sẹ́yìn ọ̀sà, níbi tí apẹja kò ti lè máa wo ọkọ̀ rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Mo gbà pé ibi ìgbafẹ́ lè mú iṣẹ́ wá. N kò gbà pé ó yẹ kí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọ̀nà lórúkọ wá máa béèrè àyè kí ó tó dé etí omi. Ìyẹn ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá mú lọ, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kí àwọn tí wọ́n bá bá níbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Kí ni Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ fi kan àwa Yorùbá?

Ó kàn wá gan-an. Wọ́n ṣí ìrántí náà ní ọdún 1995 ní etí òkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Láti àárín Ouidah dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn ín nínú ẹ̀wọ̀n. Lára wọn ni àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, pàápàá ní ìparí àkókò òwò náà.

Ní ọdún 1860, tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti 1808, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Clotilda gbé nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, ọmọ Yorùbá tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ọba Dahomey ayé àtijọ́ kó nílùú rẹ̀, tí wọ́n sì tì mọ́ àgọ́ ní Ouidah kí wọ́n tó tà á. Cudjo Lewis ni wọ́n sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí ìdè já ní 1865, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ da ìlú tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Africatown, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1935. Ní 2019 ni àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù ọkọ̀ náà ni wọ́n rí nínú odò ní Alabama.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ̀ pé Dahomey pa ìlú yín run ní 1886. Ṣùgbọ́n títí di òní, ní Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn olórìṣà kan ṣì ń pe ẹ̀ka tiwọn ní Kétu. Àwa ní Àjàṣẹ́ ní ìdílé àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wá láti Brazil, ìrísí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia sì ni wọ́n fi kọ́ Mọ́ṣáláṣí Ńlá wa. Nítorí náà, bí ẹ bá dé Ẹnu-ọ̀nà náà, ẹ pa rédíò ọkọ̀. Mo ti bá àwọn tó ń jó níwájú rẹ̀ pàdé rí, mo sì lọ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà ni. Nígbà tí wọ́n gbọ́, ọmọbìnrin kan nínú wọn bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì jókòó sórí yanrìn.

Èdè wo ni wọ́n ń sọ lójú ọ̀nà?

Fọ̀n, Xwla, Xweda, Mina àti Faransé. Àwọn oníṣòwò tó gbọ́ Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn Fọ̀n náà ń fi “kúàbọ̀” kí àlejò, ẹ óò sì mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Kí ni a lè jẹ?

Ẹja díndín pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, tí wọ́n fi àkàsà tàbí ablo (oúnjẹ àgbàdo tàbí ìrẹsì tí wọ́n fi ooru omi sè) tì lẹ́yìn. Ẹ béèrè iye owó ẹja kí wọ́n tó fi sínú epo. Omi àgbọn tútù pọ̀ lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ yín mu ìyẹn, kí ó fi sodabi (ògógóró) sílẹ̀ fún ẹni tí kò di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

Ṣé a lè ya àwòrán?

Ti òkun àti igi àgbọn, bẹ́ẹ̀ ni. Ti ènìyàn, ẹ béèrè. Ti ojúbọ àti ohun tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, rárá.

Ọ̀nà wo ni kí a gbà padà sílé?

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ má ṣe gba etí òkun padà. Ẹranko àti ọmọdé ṣì ń sọdá lóru, iyanrìn tí afẹ́fẹ́ gbé sórí ọ̀dà sì lè yọ̀ mọ́ táyà lẹ́sẹ̀. Ẹ ti Ouidah jáde sí ọ̀nà òkè, kí ẹ gba Pahou àti Godomey wọ Kútọnu. Bí ẹ bá ra ẹja yíyan, ẹ fi bébà dì í, kí ẹ sì gbé e sínú agbọ̀n tó ní àlàfo, kì í ṣe sínú ọ̀rá, nítorí ooru inú ọkọ̀ yóò sọ ọ́ di omi kí ẹ tó dé Ekpè. Ẹ ya owó ọ̀nà sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná owó yòókù tán. Bí ẹ bá fi aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kúrò ní Ouidah, ẹ óò bá àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pàdé ní Kútọnu. Èmi a máa dúró ní Ouidah jẹun alẹ́, kí ọ̀nà ṣófo díẹ̀. Nígbà tí a bá fi máa gorí afárá Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ á ti sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀, yanrìn á sì wà nínú irun wọn.